Ọ́fíìsì méjì, ẹjọ́ kan: bí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ṣe lè kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ agbefọ́ba àti lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ l'Abẹ́òkúta

Lọ́dọọdún, tí ìsinmi yunifásítì bá ti ń sún mọ́lé, àwọn àbúrò tó ń kọ́ òfin á bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ibi tí mo ti lè ṣe attachment." Tí mo bá bi wọ́n pé irú ẹjọ́ wo ló wù wọ́n, ọ̀pọ̀ á ní ẹjọ́ ọ̀daràn ni. Tí mo bá tún bi wọ́n pé ẹ̀gbẹ́ wo, ṣé ti ìjọba ni àbí ti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀. Ohun kan náà ni mo máa ń sọ fún gbogbo wọn: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni kí o dé, kí ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni, a sì ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré. Ẹni tó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo á mọ fáìlì kà, àmọ́ ìdajì ohun tó ṣẹlẹ̀ lá máa mọ̀.

Ẹni tó ṣì wà ní yunifásítì ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù. Àwọn tó ti dé Law School ní ètò tiwọn: ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ló ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí kóòtù àti sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò, dandan sì ni kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n ṣe lójoojúmọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí á wúlò fún àwọn náà.

Mọ ilé tí o fẹ́ kan ìlẹ̀kùn rẹ̀

Ní ẹ̀gbẹ́ ìjọba, ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òkè-Mósàn ni kí o kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Ibẹ̀ ni ẹ̀ka DPP wà, ìyẹn àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn. Abala 211 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fún Agbẹjọ́rò Àgbà ìpínlẹ̀ lágbára láti pe ẹjọ́ ọ̀daràn, láti gba èyí tí ẹlòmíràn ti pè ṣe, àti láti fòpin sí i kí ìdájọ́ tó wáyé. Àwọn òṣìṣẹ́ DPP ló ń lo agbára náà lórúkọ rẹ̀. Ẹjọ́ ńláńlá bí ìpànìyàn, ìdigunjalè àti ìfipábánilòpọ̀, ọwọ́ wọn ló ń bọ́ sí, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ni wọ́n sì ti ń rò ó. Ẹjọ́ kéékèèké bí ìjà àdúgbò, olè fóònù tàbí jìbìtì owó, àwọn ọlọ́pàá agbefọ́ba ló sábà máa ń dúró fún un níwájú Májísíréètì ní Ìsàbọ̀. Tí o bá gbọ́ pé ẹjọ́ oògùn olóró ni, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni kí o wá a lọ, àjọ NDLEA ló sì ń pè é.

Ní ẹ̀gbẹ́ olùjẹ́jọ́, Legal Aid Council ni mo kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Ọdún 1976 ni ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀, òfin ọdún 2011 ló sì ń darí rẹ̀ báyìí. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ lórílẹ̀-èdè yìí, èyí tó jẹ́ ₦70,000 láti ọdún 2024, wọ́n lè gba ẹjọ́ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ìpànìyàn, olè jíjà, ìdigunjalè, ìfipábánilòpọ̀ àti lílu èèyàn lálùbami wà lára ẹjọ́ tí òfin náà dárúkọ. Lẹ́yìn Legal Aid ni àwọn agbẹjọ́rò aládàáni tó ń rojọ́ ọ̀daràn. Bí yunifásítì rẹ bá sì ní law clinic, ìyẹn ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ran aráàlú lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ òfin, béèrè lọ́dọ̀ wọn kí o tó jáde rárá, nítorí wọ́n lè ti mọ ọ́fíìsì tó máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́.

Má tìtorí ẹ̀rọ amúlétutù yan ọ́fíìsì. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ọ́fíìsì rèǹtèrente, ìwé ilẹ̀ ló ń tẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kò sì rí Májísíréètì sójú. Ọ́fíìsì tí ẹsẹ̀ wọn kì í kúrò ní kóòtù ni kí o wá, bí àga ibẹ̀ tilẹ̀ ti ya.

Wo kàlẹ́ńdà kí o tó kọ lẹ́tà

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í mọ̀ àfìgbà tí wọ́n bá ti dé. Ìparí oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ni àwọn adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga sábà máa ń lọ ìsinmi ọdọọdún, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ń fún ọmọ ní ìsinmi gígùn. Adájọ́ díẹ̀ ló máa ń wà nílé fún ẹjọ́ kánjúkánjú. Tí ìsinmi rẹ bá bọ́ sí àkókò yẹn, má bínú, ọ̀nà wà. Kóòtù Májísíréètì ṣì ń jókòó, iṣẹ́ orí fáìlì ní DPP kì í sì í dúró. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé o fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí níwájú adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga, wá àkókò mìíràn nínú ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré.

Lẹ́tà méjì, ẹ̀dà mẹ́rin

Lẹ́tà àkọ́kọ́ á wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà ẹ̀ka òfin yunifásítì rẹ, pé akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ni ọ́ lóòótọ́. Èkejì, ìwọ fúnra rẹ ni wàá kọ ọ́. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́, Agbẹjọ́rò Àgbà tó tún jẹ́ Kọmíṣánnà ni kí o kọ ọ́ sí, kí o sì sọ nínú rẹ̀ pé ẹ̀ka DPP ni o fẹ́. Sọ ọdún tí o wà, ọjọ́ tí wàá bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí wàá parí, àti bóyá o ti ka òfin ọ̀daràn àti òfin ẹ̀rí. Bí o kò bá tíì ka òfin ẹ̀rí, má pa á mọ́. Ojú ewé kan tó. Má yìn wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí.

Tẹ ẹ̀dà méjì méjì. Ọ̀kan ni wàá fi sílẹ̀, kí akọ̀wé tó gba lẹ́tà lu òǹtẹ̀ sí èkejì, kó kọ ọjọ́ sí i. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láìgbọ́ nǹkan, fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ, mú ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn dání, kí àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ dáadáa, kí o sì béèrè ibi tí lẹ́tà rẹ dé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o mú nǹkan wá kí lẹ́tà tó lè rìn, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o lọ bá ọ̀gá rẹ̀.

Wọn kò ní san owó fún ọ. Ṣírò owó mọ́tò àti owó oúnjẹ ọ̀sán rẹ fún gbogbo àsìkò náà kí o tó bẹ̀rẹ̀, kí o sì bá àwọn òbí rẹ sọ ọ́. Ẹni tí ebi ń pa kì í lè jókòó gbọ́ ẹjọ́ dé aago méjì ọ̀sán.

Ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ògiri wà láàárín

Má ṣe méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò dáa kí o jókòó sí DPP ní Mọ́ńdè, kí o tún wà lọ́dọ̀ agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ ní Tọ́sìdeè, nítorí ẹjọ́ tí o kà ní Mọ́ńdè lè jẹ́ ẹjọ́ tí wọ́n gbé síwájú rẹ ní Tọ́sìdeè. Abẹ́òkúta kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Tèmi ni pé kí o bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìjọba. Níbẹ̀ ni wàá ti rí odindi fáìlì: ọ̀rọ̀ olùfisùn, ọ̀rọ̀ afurasí, ìwé dókítà, àkọsílẹ̀ IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí ẹjọ́ náà. Tí o bá ti mọ bí odindi ṣe rí, nígbà tí o bá dé ẹ̀gbẹ́ kejì, wàá tètè mọ ohun tó ṣẹ́ kù tí wọn kò tíì fún yín. Àwọn kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní kí akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ olùjẹ́jọ́, kí àyà rẹ̀ má baà le. Mo gbọ́ wọn, àmọ́ mi ò tíì rí ẹni tí fáìlì sọ àyà rẹ̀ di líle láàárín oṣù kan.

Bí o ti ń ṣe ti àkọ́kọ́ lọ, ní ìwé pélébé kan tí wàá máa kọ nọ́ńbà gbogbo ẹjọ́ tí ọwọ́ rẹ kàn sí. Nọ́ńbà àti orúkọ ẹjọ́ nìkan, má kọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí o bá dé ọ́fíìsì kejì, fi ìwé náà han ọ̀gá rẹ, kí o ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn wọ̀nyí ni mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn níbí." Ọ̀gá tó mọṣẹ́ á mọ iyì ohun tí o ṣe yẹn lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní kóòtù

Aṣọ dúdú àti funfun, bàtà dúdú tí kò ní máa dún kò-kò-kò. Wíìgì àti gáùn kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́. Ní Májísíréètì, àwọn agbẹjọ́rò pàápàá kì í wọ̀ ọ́, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ni wọ́n ti ń wọ̀ ọ́. Aago mẹ́sàn-án ni kóòtù ń jókòó, kí aago mẹ́jọ ààbọ̀ bá ọ níbẹ̀, kí o lè ka ìwé tí wọ́n to ẹjọ́ ọjọ́ náà sí. Tẹrí ba tí o bá ń wọlé àti tí o bá ń jáde nígbà tí adájọ́ wà lórí àga. Má jókòó sí ibi tí àwọn agbẹjọ́rò ń jókòó àfi tí ọ̀gá rẹ bá ní kí o wá. Pa fóònù. Bí adájọ́ bá bi ọ́ ní ìbéèrè, dìde, sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ́ àti ọ̀dọ̀ ẹni tí o wà, kí o dúró níbẹ̀. O kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ẹjọ́ kankan, kódà tó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ gba ọjọ́ fún ọ̀gá rẹ tó pẹ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò ilẹ̀ yìí nìkan ló ní ẹ̀tọ́ yẹn.

Kí wá ni wàá máa ṣe? Fa ìlà mẹ́ta sí ojú ewé kí ó di òpó mẹ́rin: nọ́ńbà ẹjọ́, ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lónìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ìdí rẹ̀. Ìlà kan lè rí báyìí: ẹlẹ́rìí kejì yẹ kó sọ̀rọ̀, kò sọ̀rọ̀, wọ́n ti gbé IPO lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Òmíràn: ìdájọ́ lórí béèlì, wọ́n sún un síwájú, ọkọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n kò gbé olùjẹ́jọ́ dé. Nígbà tí o bá fi máa ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì, wàá ti mọ ìdí tí ẹjọ́ fi ń pẹ́ ju bí ìwé èyíkéyìí ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ lọ.

Lórí fáìlì: ka ọ̀rọ̀ Yorùbá kí o tó ka ti Òyìnbó

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a jókòó sí díẹ̀.

Májísíréètì kò lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n á gbé afurasí wá síwájú rẹ̀, á pàṣẹ kí wọ́n fi í sí àhámọ́, ọlọ́pàá á sì fi ẹ̀dà fáìlì ránṣẹ́ sí DPP láti mọ bóyá ẹjọ́ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Òfin Administration of Criminal Justice tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 ní kí àṣẹ àhámọ́ àkọ́kọ́ má ju ọjọ́ 14 lọ, àfi tí wọ́n bá padà wá bẹ̀bẹ̀ fún òmíràn. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Kà á, kí o má fi ti àpapọ̀ dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé fún fáìlì kọ̀ọ̀kan tó bá wà lórí tábìlì rẹ, èèyàn kan ń sun orí sìmẹ́ńtì nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìbarà tàbí ti Ọbà. Má jẹ́ kó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lórí ọ̀lẹ rẹ.

Ọ̀gá á ní kí o ka fáìlì, kí o kọ èrò rẹ wá. Jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn ọ́. Èmi ni mo hun ún, kì í ṣe ẹjọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́kadà kan wá sí tẹ́ṣàn, ó ní: "Lafẹ́nwá ni mo ti gbé e. Nígbà tá a dé Ìta-Òṣìn, ó ní kí n dúró. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì gbé ọ̀kadà mi lọ." Ọlọ́pàá kọ ọ́ lédè Òyìnbó, nínú èyí tó kọ, ọkùnrin náà *fipá* gba kọ́kọ́rọ́.

Níbo ni "fipá" ti wá? Ọlọ́kadà kò pè é. "Ó gbà" ló ní. Nínú èdè wa, tí mo bá na owó sí ọ, o gbà á. Tí o bá já a mọ́ mi lọ́wọ́, o gbà á. Bí mo bá fún ọ ní kọ́kọ́rọ́ kí o lè gbé ọ̀kadà mi dé ilé epo kí o sì padà, tí o kò sì padà mọ́, o ṣì *gbà* á lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́ta ló lè wà lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ọ̀daràn, olè jíjà lásán, ọdún 3 ni lọ́pọ̀ ìgbà. Lábẹ́ òfin àpapọ̀ lórí ìdigunjalè, tí ipá bá wọ̀ ọ́, kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 21. Bí ohun ìjà bá wà níbẹ̀, ikú ni. Gbogbo ìyẹn ń bẹ lórí "gbà" kan tí ẹnì kan yára túmọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ti rẹ̀ ẹ́.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ ti Yorùbá, kà á tán, kó o tó ṣí ti Òyìnbó. Ìlànà ni pé èdè tí èèyàn fi sọ̀rọ̀ ni kí wọ́n fi kọ ọ́, kí wọ́n wá túmọ̀ rẹ̀, kí méjèèjì sì dé iwájú adájọ́. Bó bá jẹ́ ti Òyìnbó nìkan ló wà nínú fáìlì, tí ẹni tó sọ ọ́ kò sì gbọ́ Òyìnbó, ìlà àkọ́kọ́ nínú èrò rẹ ni kí o kọ ọ́ sí. Lẹ́yìn náà, fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣe tí kò bá dọ́gba nínú méjèèjì. Ṣọ́ra fún "gbà," fún "mú," fún "gbá," fún "bá mi jà." Kọ ìbéèrè tí o fẹ́ kí wọ́n bi IPO: níbo ni kọ́kọ́rọ́ náà wà kó tó gbà á? Ta ló kọ́kọ́ na ọwọ́? Kí ló sọ nígbà tó ń gbà á? Ta ló tún wà níbẹ̀?

Ẹ̀yìn èyí ni kí o tó fa tábìlì rẹ. Ní apá òsì, ohun tí òfin ní kí ìjọba fi hàn: pé nǹkan sọnù, pé kì í ṣe ti afurasí, pé kò ní in lọ́kàn láti dá a padà, pé ó lo ipá tàbí ìhàlẹ̀ lásìkò náà, pé òun gan-an ni. Ní apá ọ̀tún, nọ́ńbà ojú ewé tí ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú fáìlì. Ibi tí apá ọ̀tún bá ṣófo, ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń jò. Má kọ "ó jẹ̀bi" síbì kankan. Abala 36(5) ìwé òfin ní aláìṣẹ̀ ni títí wọn yóò fi fi ẹ̀rí hàn, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì gbọdọ̀ fi bírò dájọ́ ṣáájú adájọ́. Bóyá ẹjọ́ wà tó yẹ kó jẹ́ ni wọ́n bi ọ́. Bí kò bá sí, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìbẹ̀rù. Agbefọ́ba tó ní "ẹjọ́ ò sí níbí, ẹ tú u sílẹ̀" ti ṣe iṣẹ́ ìjọba.

Lọ́dọ̀ olùjẹ́jọ́: bírò lórí tábìlì

O kò lè dá lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìbarà. Agbẹjọ́rò ni wàá tẹ̀ lé. Fóònù á dúró sí ẹnu ọ̀nà, nítorí náà mú ìwé àti bírò méjì dání, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ rẹ. Kí àwọn wọ́dà. Wọ́n mọ ẹni tó ti pẹ́ jù níbẹ̀ tí kò ní lọ́yà, tí wọ́n bá sì rí i pé o ní ọ̀wọ̀, wọ́n á dárúkọ rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ.

Tí ẹni náà bá jókòó, má fi "ṣé o ṣe é?" bẹ̀rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ti ní ìdí láti bẹ̀rù: ọjọ́ wo ni wọ́n mú ẹ? Tẹ́ṣàn wo? Ọjọ́ wo lo kọ́kọ́ rí adájọ́? Ìgbà mélòó lo ti lọ kóòtù? Kọ ọjọ́ wọ̀nyẹn sílẹ̀ ní títò. Abala 35 ìwé òfin ní tí kóòtù bá wà láàárín ìwọ̀n ogójì kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú èèyàn, ọjọ́ kan péré ni ọlọ́pàá ní láti gbé e dé iwájú adájọ́. Inú ìlú Abẹ́òkúta, kò sí tẹ́ṣàn tó jìnnà tó ìyẹn sí Ìsàbọ̀. Abala kan náà ní tí wọ́n bá ti tì í mọ́lé fún oṣù méjì láti ọjọ́ tí wọ́n mú un láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ó yẹ kí wọ́n tú u sílẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí pẹ̀lú àwọn àdéhùn tó máa jẹ́ kó padà wá, àfi tó bá jẹ́ ẹ̀sùn tí ìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọjọ́ yẹn ni ohun tó wúlò jù tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe fún ọ̀gá rẹ̀. Agbẹjọ́rò tó ní ogójì fáìlì lè má ráyè kà wọ́n lọ́jọ́ kan. Ìwọ ráyè.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wá dé orí ohun tó ṣẹlẹ̀, má kàn gbọ́ "mo gbà á." Mo máa ń gbé bírò mi sórí tábìlì, mo á ní: "Bírò yìí ni kọ́kọ́rọ́. Èmi ni ọlọ́kadà. Fi hàn mí." Á wò mí, á wo bírò. Nígbà mìíràn, á na ọwọ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á ṣí sókè, á dúró kí n gbé e lé e. Nígbà mìíràn, kí n tó sọ̀rọ̀ tán, bírò ti kúrò ní ìka mi. Kọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, má kọ ohun tí o rò pé ó túmọ̀ sí, kí o sì fi lé ọ̀gá rẹ lọ́wọ́. Òun ló mọ ohun tó máa fi ṣe.

Má ṣèlérí. "Ẹ ò ní pẹ́ jáde" dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹni náà á máa kà á lójú oorun fún oṣù mẹ́fà.

Àwọn ẹbí á wá sí ọ́fíìsì. Ìyá ló sábà máa ń wá, á ti dé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Màmá. Ẹ jókòó."

"Ṣé ẹ̀yin ni lọ́yà ọmọ mi?"

"Rárá, Màmá. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Lọ́yà wà ní kóòtù, wọ́n ń bọ̀."

"Wọ́n ní igba ẹgbẹ̀rún ni béèlì ẹ̀. Mi ò tíì rí ju ogójì lọ. Mo ti ní kí wọ́n bá mi ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi."

Dá ọ̀rọ̀ yẹn mọ̀ tí o bá gbọ́ ọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, iye tí adájọ́ dá kì í ṣe owó tí wọ́n ń kó kalẹ̀. Ohun tí onídùúró ń fọwọ́ sí pé òun á san tí olùjẹ́jọ́ bá sá lọ ni. Màmá yìí ti fẹ́ ta ohun tó fi ń jẹun nítorí pé ẹnikẹ́ni kò jókòó ṣàlàyé fún un. Kì í ṣe ipò rẹ láti fún un nímọ̀ràn òfin, nítorí náà sọ fún un pé kó má tíì ta nǹkan kan, kó dúró de lọ́yà. Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ sórí pépà pẹ̀lẹ́bẹ̀, kí o lẹ̀ ẹ́ mọ́ fáìlì: "Ìyá rò pé owó ni wọ́n fẹ́ gbà." Tó bá fún ọ ní ẹgbẹ̀rún kan pé kí o fi ra omi, fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà, kí o dúpẹ́, kí o má gbà á.

Ẹnu

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹrin, èmi àti ọ̀rẹ́ mi wọ máíkírà láti Ìsàbọ̀ lọ sí Pánṣẹ́kẹ́. A wà lẹ́yìn, mo ń ròyìn ẹjọ́ tí mo rí lórí tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ náà fún un. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo kàn sọ àdúgbò, iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe, àti ohun tí ọmọdébìnrin náà sọ fún ọlọ́pàá. Obìnrin tó wà níwájú kò yíjú padà. Nígbà tó fẹ́ sọ̀ ní Ìbarà, ó kàn wò mí, ó ní: "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ̀ ń sọ yẹn." Ó pa ilẹ̀kùn mọ́ pẹ̀lẹ́. Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo sọ fún ọ̀gá mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì gba fáìlì yẹn lọ́wọ́ mi, ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, má sọ ọ́ nínú ọkọ̀, má sọ ọ́ ní ilé oúnjẹ, má sọ ọ́ fún olólùfẹ́ rẹ. Má ya fọ́tò ojú ewé kankan, kódà láti lọ kà á nílé. Kò sí ohun tó ń jẹ́ "mi ò dárúkọ" ní ìlú tí gbogbo èèyàn ti jẹ́ ẹbí ara wọn. Tí ọmọdé bá wà nínú ẹjọ́, ìlọ́po méjì ni ìṣọ́ra náà.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn fáìlì kan máa bà ọ́ lọ́kàn jẹ́: àwòrán òkú, ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọ́n fipá bá lò pọ̀. Sọ fún ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ kan náà. O lè ní kí wọ́n fún ọ ní òmíràn, kì í ṣe àìlera.

Ìwé ojoojúmọ́ àti ọjọ́ ìkẹyìn

Lálaalẹ́, kọ ojú ewé kan, láìsí orúkọ ẹnikẹ́ni: iṣẹ́ tí wọ́n fún ọ, ohun tí o ṣe, ohun kan tí kò yé ọ. Ohun tí kò yé ọ yẹn ni wàá gbé lọ bá ọ̀gá rẹ ní Fúráìdeè. Iṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa gbà, má jẹ́ kí ó fò ọ́ dá. Bi í pé èwo nínú iṣẹ́ tí o ṣe lọ́sẹ̀ yẹn ni òun ní láti tún ṣe, kí o sì ní kó fi ibi tó ti fa igi lé e hàn ọ́.

Tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, béèrè fún lẹ́tà ìjẹ́rìí pé o ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Má dúró di ọjọ́ ìkẹyìn, nítorí ẹni tó máa fọwọ́ sí i lè wà ní kóòtù. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, kó gbogbo fáìlì tó wà lọ́wọ́ rẹ jọ, ka ojú ewé wọn níṣojú akọ̀wé, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n pé. Ya ìwé tí o kọ èrò àkọ́kọ́ sí, kí o jó o tàbí kí o fún wọn. Ìwé pélébé tó ní nọ́ńbà ẹjọ́ nìkan ni kí o mú jáde, nítorí ọ̀gá rẹ tuntun á béèrè rẹ̀ ní Mọ́ńdè.